Ìbéèrè Òǹkàwé: Àyà Títa Ọdún Méje, Oògùn Ni Tàbí Iṣẹ́ Abẹ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Ìbàdàn, ọmọ ọdún 46 sì ni mí. Ó ti tó ọdún 7 tí àyà ti ń ta mí. Láti òkè ikùn ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì gun oókan àyà bọ̀ bí ẹni pé wọ́n da ata síbẹ̀. Lóru, omi kíkan a máa ru dé ọ̀fun mi, á jí mi lójú oorun, màá sì máa wúkọ́ títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Nígbà mìíràn, ohùn mi a há débi pé n kò ní lè kọ́ àwọn ọmọ. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní ọ́lísà ni, mo sì ti lo àkójọ oògùn ọ́lísà olọ́sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò lọ. Bí ó bá ti dé báyìí, mo máa ń ra káàdì omeprazole kan, màá lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, bí ó bá sì ti rọlẹ̀, màá dá a dúró.

Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, amlodipine ni mò ń lò sí i. Mo sì máa ń ra diclofenac nítorí orúnkún. Mo sanra díẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kì í jẹ́ kí n jẹun alẹ́ kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní omeprazole máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Ìyá ìyàwó mi fi àgbo inú ọtí ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester sì ní kí a kówó jọ fún irú iṣẹ́ abẹ kan tí wọ́n ṣe fún ẹnìkan níbi iṣẹ́ òun, pé ẹni náà kò lo oògùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Èwo ni kí n ṣe nínú gbogbo rẹ̀? Ṣé títí ayé ni màá máa lo oògùn ni?

Olùkọ́ tí àyà ń ta, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìfaradà, Olùkọ́ wa. Kí n tó dé orí iṣẹ́ abẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí lẹ́tà yín sọ fún mi tí ẹ̀yin fúnra yín lè má fura sí: nínú ọdún 7 yìí, ẹ kò tíì lo omeprazole bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn lò ó fún odindi oṣù kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ inú yín wò. Nítorí náà, a kò tíì lè sọ pé oògùn kò ràn yín, a kò sì tíì mọ̀ dájú pé ohun tí iṣẹ́ abẹ náà ń wò ni ó ń ṣe yín.

Ní ilẹ̀ wa, gbogbo ohun tó bá ti ń ta ènìyàn láti ìdodo dé ọrùn ni à ń pè ní ọ́lísà. Ọgbẹ́ gidi ni ọ́lísà, tó máa ń wà lára àpòlúkù tàbí níbi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò kan tí ń jẹ́ Helicobacter pylori ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀, oògùn ìrora bíi diclofenac ló sì ń fa púpọ̀ nínú èyí tó kù. Àwọn oníṣègùn méjì ará Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005 nítorí àwárí kòkòrò náà. Marshall tilẹ̀ gbé e mu ní 1984 kí ó lè fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí fún àwọn tí kò gbà á gbọ́. Kòkòrò yìí ni àkójọ oògùn tí ẹ lò lẹ́ẹ̀mejì wà fún. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe kò jọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: omi kíkan tó ń gòkè, tó ń le sí i bí ẹ bá dùbúlẹ̀, tó ń fa ikọ́ òru tó sì ń há yín lóhùn, ọ̀rọ̀ ẹnu-ọ̀nà àpòlúkù ni ó jọ.

Níbi tí ọ̀nà oúnjẹ ti wọ inú àpòlúkù, iṣan róbótó kan wà níbẹ̀ bí òrùka, tó máa ń ṣí fún òkèlè láti kọjá, tí yóò sì padà dé. Àpòlúkù ní ìbora tó lè gba omi kíkan mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀nà oúnjẹ kò ní irú ìbora bẹ́ẹ̀. Bí iṣan náà bá dẹ̀, tàbí tí ó bá ń ṣí nígbà tí kò sí òkèlè tó ń bọ̀, tàbí tí òkè àpòlúkù bá ti yọ́ gba ihò inú awọ ẹran tó pín àyà níyà sí ikùn kọjá, omi kíkan yóò ru sókè, yóò sì máa jó ibi tí kò yẹ kí ó dé. Ọ̀rá ikùn ń ti àpòlúkù láti ìsàlẹ̀, oúnjẹ àjẹyó alẹ́ ń ti í láti inú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ìtọ́jú: oògùn kì í tún ẹnu-ọ̀nà náà ṣe, ó kàn ń dín bí omi náà ṣe ń kan kù ni, iṣẹ́ abẹ ni ó ń gbìyànjú láti tún ẹnu-ọ̀nà ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Ẹni ọdún 46 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi gbogbo àyà dídùn ṣe ti omi kíkan. Bí ìrora náà bá ń dé nígbà tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tí ẹ bá ń yára rìn, tí ó ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí òógùn tútù àti èémí kúkúrú bá bá a wá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ọkàn yín wò nígbà tí ẹ bá tún lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ó wá kan omeprazole. Lára àpòlúkù, àwọn ojú ìsun kéékèèké ló wà tí omi kíkan ń sun jáde láti inú wọn. Oúnjẹ ló ń jí wọn, èyí tó bá sì ti jí nìkan ni omeprazole lè dí. Bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn náà kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó lò ó lẹ́yìn oúnjẹ dà bí ẹni tó ru igbá dé ọjà nígbà tí ọjà ti tú: omi ti sun, ó ti ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ ni kí ẹ máa gbé e mì, lójoojúmọ́, yálà àyà ta yín tàbí kò ta yín, fún ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ má ṣe lọ ohun tó wà nínú kápúsù náà kúnná, torí wọ́n fi ìbora bò ó kí omi kíkan má baà bà á jẹ́ kí ó tó dé inú ìfun. Mílígíráàmù 20 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí ara bá yá ààbọ̀, dókítà lè sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì, èkejì ṣáájú oúnjẹ alẹ́.

Ẹ má rò pé mo ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníwádìí kan kó àwọn ológun àtijọ́ 366 jọ, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ nípa inú nítorí pé àyà ń ta wọ́n tí oògùn kò sì ràn wọ́n, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fún wọn ní omeprazole kan náà, wọ́n wá kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa lò ó ṣáájú oúnjẹ, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 2. Ènìyàn 42 ni ara wọn yá nípa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì yẹ àwọn yòókù wò fínnífínní, wọ́n rí 99 tó jẹ́ pé omi kíkan kò ru lára wọn ju bí ó ṣe ń ru lára ẹni tó lálàáfíà lọ. Ọ̀nà oúnjẹ wọn ló ń ka ohun kékeré sí ohun ńlá. Ẹ fojú inú wò ó ná, ká ní gbogbo wọn ti sáré lọ sábẹ́ ọ̀bẹ.

Nígbẹ̀yìn, ènìyàn 78 péré ló kù tí ọ̀rọ̀ wọn yẹ fún ìdánwò náà gan-an, èyí tí wọ́n fi ń wò ó bóyá iṣẹ́ abẹ ni ó dára jù tàbí oògùn. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, bíi 67 nínú 100 ni ó ṣe láǹfààní. Nínú àwọn tí wọ́n fi oògùn mìíràn kún omeprazole wọn, 28 nínú 100 ni. Iṣẹ́ abẹ borí dáadáa. Ṣùgbọ́n lára àwọn tí àyẹ̀wò ti yàn ni ó ti borí.

Ní ti kíndìnrín, ẹlẹgbẹ́ yín kò purọ́, ó kàn sọ ọ́ ju bí ó ṣe rí lọ ni. Àwọn ìwádìí tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ṣe ti so oògùn ẹbí omeprazole mọ́ àìsàn kíndìnrín, eegun kíkán àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àwọn tó ń lo oògùn náà fún ọdún gbọọrọ sábà máa ń jẹ́ àwọn tí àìsàn mìíràn ti pọ̀ lára wọn. Nígbà tí wọ́n dán pantoprazole, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹbí yìí, wò lára àwọn ènìyàn tó lé ní 17,000 fún nǹkan bí ọdún 3, tí wọ́n fún ìdajì wọn ní oògùn náà, tí wọ́n sì fún ìdajì kejì ní hóró lásán, àrùn ìgbẹ́ gbuuru àti irú rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí tó fi díẹ̀ pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn tó lo oògùn. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé kí ó bí kíndìnrín nínú, ó sì lè dín fítámì B12 àti magnesium kù bí ènìyàn bá lò ó fún ọdún púpọ̀, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó ń lò ó pẹ́ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ló dé tí kò sí ẹni tó dẹ́rù bà yín nípa diclofenac? Bí ohun kan bá wà nínú àpótí oògùn yín tó lè ba kíndìnrín ẹlẹ́jẹ̀ ríru jẹ́, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru náà sókè, tó sì lè dá ọgbẹ́ sí àpòlúkù, òun ni. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ó fún yín ní nǹkan mìíràn fún orúnkún. Amlodipine náà lè dẹ ẹnu-ọ̀nà àpòlúkù díẹ̀ lára àwọn kan. Ẹ béèrè bóyá a lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín láé.

Ẹni tó bá dá omeprazole dúró lójijì lẹ́yìn oṣù díẹ̀ sábà máa ń rí i pé omi kíkan padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí àwọn ojú ìsun tó ti dí ń gbẹ̀san. Ọ̀pọ̀ ló ti tipa èyí gbà pé oògùn ti di bárakú fún àwọn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì ṣì ní káàdì ranitidine àtijọ́ nílé, ẹ dà á nù: ní 2020 ni wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà nítorí èérí kan tó lè fa jẹjẹrẹ, tó ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ bí ó bá pẹ́ nílẹ̀.

Nípa oúnjẹ, n kò sí lára àwọn tó máa ń ka ẹ̀kún ìwé èèwọ̀ fún aláìsàn. Aago tí ẹ ń jẹun burú ju ohun tí ẹ ń jẹ lọ. Ẹni tó jẹ ẹ̀bà ní aago mẹ́wàá tó sì sùn ní aago mọ́kànlá ti gbé ìkòkò tó kún dé ẹnu dùbúlẹ̀. Ẹ jẹun gidi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, kí ó jẹ́ nǹkan fúyẹ́ ni ẹ óò tún fi kan ẹnu bí ẹ bá délé, kí ó sì pé wákàtí 3 kí ẹ tó dùbúlẹ̀. Tí ààwẹ̀ bá dé, ẹ fi díẹ̀ ṣínu, kí ẹ sì má padà lọ sùn kété tí ẹ bá jẹ sààrì tán. Ata, ọ̀rá, ẹlẹ́rìndòdò, kọfí, obì àti súìtì míńtì ń yọ àwọn kan lẹ́nu, wọn kì í yọ àwọn mìíràn lẹ́nu. Ẹ kọ èyí tó ń ta yín sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, òun nìkan ni kí ẹ yẹra fún. Wàrà tí gbogbo ènìyàn ń júwe máa ń tu àyà lára fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tún ru omi kíkan mìíràn sókè. Kán-ún náà ń pa omi kíkan lóòótọ́, àmọ́ irú èròjà tó wà nínú iyọ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì bá ẹ̀jẹ̀ ríru yín mu.

Ẹ gbé òkè ibùsùn yín ga pẹ̀lú igi tàbí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó wà níhà orí, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ìrọ̀rí mẹ́ta kò lè ṣe é, ńṣe ni yóò ká yín ní ikùn kò. Ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, nítorí bí àpòlúkù ṣe tẹ̀ síhà òsì, ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ yóò wà lókè omi. Ẹ sì gbìyànjú láti fọn díẹ̀, kí ọ̀rá ikùn lè dín kù. Èyí lè ṣe yín láǹfààní ju ìlọ́po oògùn lọ. Àna yín fi ìfẹ́ ṣe àgbo náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ẹ má mu ún: ọtí tí wọ́n rẹ ẹ́ sí ń dẹ ẹnu-ọ̀nà àpòlúkù, ó sì ń bó ara ọ̀nà oúnjẹ tó ti bó tẹ́lẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ 8 bá pé tí ẹ ti ṣe gbogbo èyí tí àyà ṣì ń ta, tàbí tí ó padà dé bí ẹ ṣe ń dín oògùn kù, ẹ lọ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ayàwòrán inú wò yín láti ọ̀fun dé àpòlúkù. Ìbàdàn ni ẹ wà, wọ́n ń ṣe é ní UCH ní Òrìta-Mẹ́fà. Wọ́n ń ṣe é ní LUTH àti ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá kí ẹ dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ṣáájú, kí oògùn má baà bo ohun tó yẹ kí wọ́n rí mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà kò bá rí egbò kankan, àyẹ̀wò mìíràn wà tí wọ́n fi ń wọn bí omi kíkan ṣe ń ru fún wákàtí 24, nípasẹ̀ okùn tín-ín-rín kan tó gba imú wọlé. Èyí ni ó ń ya àwọn tí iṣẹ́ abẹ lè ràn sọ́tọ̀.

Iṣẹ́ abẹ tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ ni èyí tí Rudolf Nissen kọ́kọ́ ṣe ní 1955. Wọ́n á wé òkè àpòlúkù yí ìsàlẹ̀ ọ̀nà oúnjẹ ká bí ẹni wé ọ̀já, kí ó lè fún ẹnu-ọ̀nà náà pọ̀. Láti 1991 ni wọ́n ti ń gba ojú ihò kéékèèké ṣe é, láìla ikùn gbàgà. Ó máa ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ òkèlè lè máa há fún ìgbà díẹ̀, ó lè ṣòro láti gùnfẹ̀ tàbí láti bì, afẹ́fẹ́ sì lè máa wú ikùn. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń bọ́ lọ́wọ́ oògùn: ní Sweden, nínú àwọn 2,655 tí wọ́n tọpa wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ó padà dé bá bíi 18 nínú 100, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì tún bẹ̀rẹ̀ oògùn. Wọ́n tún ní òrùka onímágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi yí ẹnu-ọ̀nà náà ká, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2012, àti oògùn tuntun kan, vonoprazan, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú kí a lò ó ṣáájú oúnjẹ, tí Japan ti ń lò láti 2015. Bí egbò yín bá le, ẹ lè bá dókítà jíròrò nípa vonoprazan kí ẹ tó ronú ọ̀bẹ.

Bí ẹ bá jẹ́ àbúrò mi, n kò ní jẹ́ kí ẹ kówó náà jọ nísinsìnyí. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé omi kíkan ló ń ru gan-an, tí òkè àpòlúkù yín ti yọ́ gòkè, tí omi ń dé ọ̀fun yín lóru láìka oògùn sí, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín tó gbọ́. Bí oògùn bá sì ràn yín, ìwọ̀n tó kéré jù lọ tó bá ń mú yín sùn ni kí ẹ máa lò, ó lè jẹ́ ọdún púpọ̀, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ ṣáà ń lo amlodipine lójoojúmọ́.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ mi jẹ́ ẹni ọdún 61. Ó tó ogún ọdún tí àyà ti máa ń ta wọ́n, ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ni kò ta wọ́n tó bẹ́ẹ̀ mọ́, inú wa sì dùn. Láìpẹ́ yìí, òkèlè ń há wọn lọ́fun, omi ni wọ́n fi ń tì í. Aṣọ wọn sì ti ń tóbi jù wọ́n. Oògùn wo ni kí n rà?

Ìyàwó ilé, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN

Ẹ má ra oògùn kankan, Màmá. Àyẹ̀wò ni kí ẹ wá, láàárín ọ̀sẹ̀ yìí bí ó bá ṣeé ṣe. Omi kíkan tó bá ń jó ọ̀nà oúnjẹ fún ọdún púpọ̀ lè mú kí awọ ibẹ̀ yí padà di oríṣi mìíràn, awọ tó yí padà yìí kì í sì í mọ títa náà lára tó ti àkọ́kọ́, nítorí náà rírọlẹ̀ tó rọlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti san. Lára irú awọ bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti lè bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àpá egbò ni ó fún ọ̀nà náà, èyí tí wọ́n lè fi ẹ̀rọ fẹ̀ padà láìṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ojú ló ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe àfẹnusọ. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí àyà títa. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé òkèlè ń há wọn, pé wọ́n sì ń fọn, kí ó lè fi wọ́n sí iwájú nínú ìlà àwọn tó ń dúró de ẹ̀rọ. Ẹ kó gbogbo káàdì oògùn tí wọ́n ń lò dání. Bí wọ́n bá bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ wọn bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí omi pàápàá kò bá lọ mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru.